Orúkọ Rere Kò Ṣeé San Owó Ilé

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, òun ni baba ńlá gbogbo alukoro. Ẹ wò ó ná: ààfin ti jó, òrùlé ti wó, aṣọ oyè ti di eérú, àwọn olorì ń sunkún. Ẹnìkan wá dìde láàárín èéfín, ó ní kí ará ìlú má fòyà, ẹwà ló dé. Ará ìlú gbà, títí dòní la ṣì ń pa á lówe. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa ni iye tí ọba san fún un, àti bóyá owó náà wọlé kí oṣù tó parí.

Mo ń béèrè nítorí àwọn ọmọ wa tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ alukoro ní Bódìjà, Ìbàdàn. Tàbí kí n sọ pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀. Ti jíjẹun ń bọ̀ lẹ́yìn. Bódìjà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé Awólọ́wọ̀ kọ́ fún àwọn èèyàn ńlá láti máa gbé ti di àdúgbò ọ́fíìsì: ibí yìí báǹkì, ọ̀hún ilé oúnjẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ilé-iṣẹ́ alukoro. Bí ẹ bá wọ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, yàrá ọ̀gá ló ní ẹ̀rọ amúlétutù. Bọ́ìskọ́tà ni àwọn òṣìṣẹ́ wà, fáànù kan ló sì wà lókè wọn, tó ń yí bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó oṣù mẹ́ta.

Ìwé tí wọ́n fi wá òṣìṣẹ́ kò ṣàlàyé púpọ̀. Ó ní àwọn ń wá ọ̀dọ́ tó já fáfá, tó lè ṣe ohun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ débẹ̀, ó rí ohun púpọ̀ náà. Òun ni yóò kọ àtẹ̀jáde, òun ni yóò ya fọ́tò, òun ni yóò máa bá gbogbo oníbàárà bójú tó Facebook, Instagram àti X. Bí iná bá lọ, òun ni yóò gbé kẹ́ẹ̀gì lọ ra epo jẹnẹrétọ̀. Bí ayẹyẹ bá wà ní Mápó, òun ni yóò gbé bánà sẹ́yìn ọ̀kadà, afẹ́fẹ́ á sì máa fẹ́ òun àti bánà lọ sọ́nà Bẹẹrẹ. Bí ọ̀gá bá fẹ́ jó lóde ìnáwó, òun ni yóò di báàgì ọ̀gá mú. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní ọmọ iṣẹ́ o. Ẹ ka káàdì rẹ̀: Olórí Ẹ̀ka Ọgbọ́n Ìbánisọ̀rọ̀. Ẹ̀ka náà wà lóòótọ́. Òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Ọ̀gá á ní, "Ẹbí ni wá níbí." Bí iṣẹ́ bá dé lóru Sátidé, ẹbí ni wọ́n. Bí oníbàárà bá bínú, tó ń bú wọn lórí WhatsApp láago mọ́kànlá alẹ́, ẹbí ni wọ́n. Ìgbà tí oṣù bá parí ni ẹbí máa ń tú ká. Ọ̀gá á ní kí wọ́n ní sùúrù, oníbàárà kò tíì sanwó. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀gá á lọ sí Dubai láti lọ sinmi nítorí wàhálà oníbàárà tí kò tíì sanwó.

Ẹ má sọ pé kí wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ. Lóṣù keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di ₦70,000. Ìjọba Ọ̀yọ́ ní ti àwọn yóò jẹ́ ₦80,000. A yọ̀, a jó. Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25, ọ̀rọ̀ náà kò kàn án. Nítorí náà ọgbọ́n tó kù fún ọ̀gá kò ju kó mọ òǹkà lọ. Bí òṣìṣẹ́ bá ti di 24, ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni. Agùnbánirọ̀ wá dùn jù lọ, nítorí ìjọba àpapọ̀ ló ń fún un ní ₦77,000 lóṣù. Ọ̀gá á kàn fi àdúrà kún un.

Ọmọ àbúrò mi kan ń ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n rán an lọ sí ìpàdé oníròyìn ní gbọ̀ngàn NUJ, ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn, ní Ìyágankú. Àpòòwé ló gbé dání, owó ọkọ̀ àwọn oníròyìn. Ìlànà iṣẹ́ tí àwọn oníròyìn Nàìjíríà fẹnu kò sí ní Ìlọrin lọ́dún 1998 ní kí oníròyìn má gba rìbá, ṣùgbọ́n ta ní pe owó ọkọ̀ ní rìbá? Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo, bẹ́ẹ̀ òdodo kọ́ ni wọ́n pè wọ́n wá sọ. Ọmọ náà pín owó ọkọ̀ tán, ó wo àpò ara rẹ̀, kò rí owó takisí Micra tí yóò gbé e padà sí Bódìjà. Ọ̀kan nínú àwọn oníròyìn tó fún lówó ọkọ̀ ló ṣàánú rẹ̀, tó fi mọ́tò gbé e dé ẹnu géètì.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín tó sì dùn mí ṣì ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan lọ kọ ọ́ sórí X, láìdárúkọ ara rẹ̀, pé ilé-iṣẹ́ àwọn jẹ àwọn lówó oṣù. Ọ̀rọ̀ náà ràn káàkiri. Ọ̀gá pe ọmọ àbúrò mi.

"Ìwọ lo mọ̀wé kọ jù nínú wa. Bá mi kọ èsì kíá. Ó gbọ́dọ̀ jáde kó tó di aago mẹ́rin."

"Ó dáa, mà. Kí ni ká wá sọ nípa owó oṣù náà, mà?"

"Sọ pé ire òṣìṣẹ́ ló jẹ wá lógún jù lọ."

Ọmọ jókòó sábẹ́ fáànù, ó kọ ọ́. Ó dùn, ó yọ̀ létè. Ọ̀gá kà á, ó ní, "Ṣé o rí ìwé? Èyí mọ́gbọ́n dání. Ẹni tó kọ irọ́ yẹn sórí X, kò tilẹ̀ gbọ́ gírámà." Ọmọ àbúrò mi ní, "Ó dáa, mà," ó dúpẹ́, ó jáde. Àṣé òun náà ló kọ ti àkọ́kọ́. Nígbà tó délé mi lálẹ́, kò sọ̀rọ̀ owó mọ́. Ti gírámà ló ń dùn ún.

Ẹ má rò pé Ìbàdàn nìkan ni. Nígbà tí Boko Haram kó àwọn ọmọbìnrin Chibok lọ lóṣù kẹrin ọdún 2014, kò pẹ́ tí ìjọba wa fi gba ilé-iṣẹ́ alukoro kan tó ń jẹ́ Levick ní Washington, owó náà lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Àwọn ọmọ ṣì wà nínú igbó, orúkọ ìjọba la ń wá ẹni tí yóò tún un ṣe. Ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, a ń pa lápálápá. Ní London, ilé-iṣẹ́ Bell Pottinger bá ìdílé oníṣòwò Gupta tún orúkọ ṣe ní South Africa títí tó fi dá ọ̀rọ̀ dúdú àti funfun sílẹ̀ láàárín ará ìlú. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ẹgbẹ́ àwọn alukoro Gẹ̀ẹ́sì lé e jáde, oṣù náà kò sì parí tí ilé-iṣẹ́ náà fi wó. Ẹni tó ń bá gbogbo ayé fọ aṣọ kò rí ọṣẹ fọ tirẹ̀.

Àwa náà ní ẹgbẹ́ alukoro tiwa, NIPR, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1963, tí òfin ọdún 1990 sì fún lágbára lórí ìmọ̀ tí èèyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó di alukoro. Ó dáa. Ìwé-ẹ̀rí ló yẹ kí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Kí wọ́n sì máa béèrè ìwé owó oṣù lọ́wọ́ ọ̀gá.

Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ̀yin báǹkì, ẹ̀yin olóṣèlú, ọwọ́ yín náà kò mọ́. Ẹ̀yin lẹ̀ ń gba iṣẹ́ lónìí, tẹ́ ẹ ń sanwó lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ẹ fi ọ̀gá sílẹ̀ pẹ̀lú fáìlì aláràbarà rẹ̀. Ẹ yíjú sí ọmọ tó gbé omi tútù wá fún yín, ẹ bi í pé ìgbà wo ló gbowó oṣù kẹ́yìn. Bó bá kọ́kọ́ wo ojú ọ̀gá kó tó dáhùn, ẹ mú báàgì yín. Bó bá sì rẹ́rìn-ín músẹ́, tó ní, "Ẹbí ni wá níbí, sà," ẹ sáré.