Mọ́dábọ́ọ̀dù Ló Nilé

Ẹ sún fún mi díẹ̀ kí n jókòó. Ṣé ẹ ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Káfè? Ẹ ò tíì gbọ́? Ibo lẹ wà látàná? Gbogbo agboolé ló ti gbọ́, títí kan Ìyá Onírẹsì, tí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan àfi èyí tó bá kan gbèsè. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó yé yín pé èmi kì í ṣe olófòófó o. Aṣọ ni mo ń sá lọ́jọ́ náà. Bí okùn aṣọ mi bá sún mọ́ fèrèsé Bọ̀dá Káfè, ṣé èmi ni mo kọ́ ilé ni?

Ẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀: ìwé ìpè ìyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìkómọjáde. CorelDRAW ló fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fẹ́yàwó. Bó bá ní kó ṣí fọ́tò olóògbé, ẹ lè lọ pọn omi kẹ́ ẹ sì padà dé, iwájú orí olóògbé nìkan ni yóò ti yọ. Ẹ rántí ìsìnkú ìyá àwọn ará ilé kejì, tí wọ́n pa màlúù méjì, tí àwa tá a jọ ní ògiri kan ò rí ju eegun lọ? Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀, inú á tún bí mi. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ti ka oore-ọ̀fẹ́ tán kí ìwé ètò ìsìnkú tó dé. Àwọn olókùú ò san owó tó kù títí dòní. Ìyẹn ló mú Bọ̀dá Káfè búra pé òun máa pààrọ̀ pírósẹ́sọ̀, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń ṣe gbogbo ìṣirò rẹ̀.

Ó gbéra, ó di Computer Village n'Ìkẹjà. Ẹni tí kò bá tíì dé òpópónà Otigba níbẹ̀ rí, kó fara balẹ̀: kẹ́ ẹ tó sọ̀ tán nínú bọ́ọ̀sì, ẹnì kan á ti di ọwọ́ yín mú, á ní kí lẹ ń wá. Ó ní òun fẹ́ pírósẹ́sọ̀ tó lágbára. Ọmọkùnrin kan mú Core i5-2400 jáde, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Pentium lẹ ń lò, i5 rèé. Ihò kan náà ni. Ẹ lọ máa jayé." Bọ̀dá Káfè sanwó, kò béèrè nǹkan kan. Ọkùnrin tó máa ń bi ẹlẹ́ja léèrè bóyá ẹja rẹ̀ ti sùn mọ́jú!

Ó délé, ó tú kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Ojú mi ló ṣe, aṣọ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó gbé èyí tó rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, wọ́n dọ́gba: mílímítà 37.5 lóròó, 37.5 níbùú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Bó ṣe fẹ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé báyìí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èyí tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, figbe ta: "Ẹ dákun, Bọ̀dá, ẹ má tẹ̀ ẹ́!" Mo kúkú ju aṣọ sílẹ̀, mo wọlé. Àbí kí n dúró síta nígbà tí ariwo ti bẹ́?

Ọmọ yẹn là á yé wa. Mọ́dábọ́ọ̀dù ni pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì sì ni ihò tí pírósẹ́sọ̀ ń wọ̀ lára rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì LGA 775 ló wà lára mọ́dábọ́ọ̀dù Bọ̀dá Káfè, irú èyí tó jáde ní 2004, 775 sì ni iye píìnì tó wà nínú rẹ̀. i5 tó rà, ti 2011 ni, LGA 1155 ló ń wọ̀. Iwájú wọn jọra lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ yí wọn dojú dé kẹ́ ẹ wò ó. Láyé àtijọ́, ara pírósẹ́sọ̀ ni píìnì máa ń wà. Nígbà tí Intel, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n, gbé 775 dé, ó kó píìnì sínú bọ́ọ̀dù. Wọ́n tín-ín-rín débi pé ìka ọwọ́ lásán lè tẹ̀ wọ́n, bí wọ́n bá sì ti tẹ̀, bọ́ọ̀dù ló bàjẹ́ yẹn.

"Bọ̀dá," ọmọ náà wí, "bọ́ọ̀dù ló nilé. Ayálégbé ni pírósẹ́sọ̀. Ẹ bi onílé kẹ́ ẹ tó kó ẹrù wọlé."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí ẹ mọ Bàbá Onílé tiwa. Yàrá ẹ̀gbẹ́ kànga ṣófo kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ní òun ò gba onílù, òun ò gba ẹni tó ní ajá, òun ò sì gba obìnrin tó bá ń sọ̀rọ̀ jù. Èmi ò la ẹnu mi títí mo fi gba kọ́kọ́rọ́.

Ẹ sì rántí ti Àǹtí Báǹkì, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ ti gbàgbé? Èmi ò lè gbàgbé, torí ọjọ́ tó ń sunkún nítorí kọ̀ǹpútà yẹn náà ni ọkùnrin onímọ́tò pupa kọ́kọ́ wá kí i, tó ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lòun. Ẹ̀gbọ́n wo ló ń gbé òdòdó wá? Ẹ jẹ́ ká padà. Bọ́ọ̀dù H110 ni tiẹ̀, i3-6100 ló ń gbé inú rẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì 1151. Ó lọ ra i5-8400, òun náà 1151. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ó jókòó dáadáa. Wọ́n tan án, fáànù ń yí, ojú kọ̀ǹpútà ò mọ́lẹ̀. Àwọn irú i5-8400 tí Intel gbé jáde níparí 2017, tí wọ́n ń pè ní Coffee Lake, bọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ 300 nìkan ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Iye ihò kan náà, onílé ọ̀tọ̀. Ká ní i5-7500 ló rà ni, tó sì kọ BIOS tuntun, ìyẹn ohun tí kọ̀ǹpútà ń kọ́kọ́ kà bí ẹ bá tan án, sórí bọ́ọ̀dù, wọn ì bá jọ máa gbé ní ìrọ̀rùn.

Kí n má purọ́ mọ́ AMD, ilé iṣẹ́ tó ń bá Intel díje, àwọn ṣe dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì AM4 tí pírósẹ́sọ̀ Ryzen wọn àkọ́kọ́ wọ̀ ní 2017 náà ni Ryzen 5000 ti 2020 ń wọ̀. Ṣùgbọ́n onílé tó gba èèyàn púpọ̀ ní wàhálà tiẹ̀. Ibi tí wọ́n ń kọ BIOS sí lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn bọ́ọ̀dù ìbẹ̀rẹ̀ kò ju mẹ́gábáìtì 16 lọ. Nígbà tí àwọn tuntun ń dé, àwọn ilé iṣẹ́ kan yọ orúkọ àwọn àtijọ́ kúrò kí àyè lè wà. Wọ́n lé ayálégbé àtijọ́ nítorí tuntun! Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Onílé ò gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí.

Báwo wá lèèyàn ṣe ń bi bọ́ọ̀dù léèrè? Òfófó náà ni, ẹ má tan ara yín. Wọ́n tẹ orúkọ bọ́ọ̀dù sí i lára gàdàgbà, nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ sì máa ń wà ní kọ̀rọ̀ kan ní lẹ́tà kéékèèké. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, torí bọ́ọ̀dù méjì lè jẹ́ orúkọ kan, kí ẹ̀dà kejì gba ohun tí ẹ̀dà kìíní kọ̀. Ẹ wá lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ wo orúkọ àwọn pírósẹ́sọ̀ tó ń gbà. Wọ́n á kọ ọ́ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, irú BIOS tó gbọ́dọ̀ wà lórí bọ́ọ̀dù kó tó dá a mọ̀. Ọmọ náà wo ti Bọ̀dá Káfè lórí fóònù: bọ́ọ̀dù G41 ni, ó sì gba Core 2 Quad Q9550. Pentium E5200 tó wà níbẹ̀, kọ́ọ̀ méjì, bí òṣìṣẹ́ méjì, ló ní, ó ń sáré ní 2.5 GHz. Q9550 ní kọ́ọ̀ mẹ́rin, 2.83 GHz, ibi tó ń kó ohun tó fẹ́ tètè lò sí sì jẹ́ mẹ́gábáìtì 12 níbi tí ti àtijọ́ ti jẹ́ 2. Bọ̀dá Káfè padà s'Ìkẹjà. Ẹni tó ta i5 fún un ní wọn kì í dá ọjà padà níbẹ̀, pé kó fi ṣe pààrọ̀, kó sì fowó lé e. Owó tó fi lé e, kò sọ fún ìyàwó rẹ̀, nítorí náà ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ibi BIOS yìí ni gbogbo agboolé ti wọ ọ̀rọ̀. Pírósẹ́sọ̀ àtijọ́ lẹ máa fi kọ tuntun sí i kẹ́ ẹ tó yọ ọ́, torí BIOS àtijọ́ lè má mọ àlejò náà. Bí iná bá wá lọ lágbede méjì, bọ́ọ̀dù lè má tan mọ́ láé. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: bí iná bá lọ. Ní àdúgbò wa níbí! Wọ́n yá UPS, ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì gbé kọ̀ǹpútà bí iná bá lọ, ọmọ náà dán bátìrì rẹ̀ wò. Bọ̀dá Káfè wá bẹ gbogbo ilé pé kẹ́nikẹ́ni má tan áyọ́ọ̀nù, kẹ́nikẹ́ni má ti bọ́ílà bọ omi, kí fíúsì má baà já. Ta ló lọ kéde láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà? Èmi náà ni. Ìyá Onírẹsì ní kí ló kan òun. Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá, bí nǹkan yìí bá kú, ta ni yóò bá yín tẹ ìwé ìpè ọgọ́ta ọdún yín láwìn?" Fúnra rẹ̀ ló lọ yọ wáyà fírísà.

BIOS wọlé láyọ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni NẸ́PÀ mú iná lọ, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́. Àwọn tó ń kọjá lọ ní títì rò pé orí wa ti dà rú.

Ó wá ku ooru. Wáàtì 65 ni wọ́n ka ooru E5200 sí, ti Q9550 jẹ́ 95. Fáànù pẹlẹbẹ tó wà níbẹ̀ ò lè gbé e, wọ́n wá èyí tó ní bàbà láàárín. Lẹ́ẹ̀ kan tún wà tí wọ́n ń fi sáàárín fáànù àti pírósẹ́sọ̀ kí ooru lè rí ọ̀nà gbà, ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan ti tó. Lẹ́ẹ̀ ò sí nílé. Àwọn amòye agboolé bá dé! Ìyá Onírẹsì gbé òrí wá. Bàbá Onílé ní ọṣẹ ìfọyín ló dára jù. Ọmọ náà ní ọṣẹ ìfọyín lè ṣe é fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n tómi inú rẹ̀ bá gbẹ tán, ooru ò ní ríbi gbà mọ́. Ní ti òrí, kò fèsì, ó kàn ń wo Ìyá Onírẹsì. Wọ́n ní sùúrù, wọ́n ra lẹ́ẹ̀ gidi.

Ó tàn. Orúkọ Q9550 yọ sójú kọ̀ǹpútà, Bọ̀dá Káfè jó dé ẹnu géètì. Ó padà wọlé, ó ṣí CorelDRAW, ó tún ń dúró! Ọmọ náà ní kó ṣí Task Manager kó wo ẹni tó ń pẹ́ gan-an. Pírósẹ́sọ̀ wà nílẹ̀ tó ń ṣeré, háàdì dísìkì ló wà ní ọgọ́rùn-ún, RAM GB 2 sì ti kún. Bọ́ọ̀dù G41 ò gbà ju GB 8 lọ, wọ́n sọ ọ́ di 8, wọ́n fi SSD, tó yára jù ú lọ, rọ́pò dísìkì. Ìgbà yẹn ni fọ́tò olóògbé tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde tòun tọrùn tèjìká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí èmi rí kọ́ rèé: kọ̀ǹpútà tó bá ń pẹ́ kó tó tàn, SSD ló ń pè. Èyí tó bá tàn kíá, ṣùgbọ́n tó ń mí hẹlẹ bẹ́ ẹ bá ń gé fídíò tàbí ṣe àwòrán ńlá, òun ni pírósẹ́sọ̀ tuntun máa ràn lọ́wọ́. Ẹ fi Task Manager wádìí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò.

Bọ̀dá Káfè wá béèrè Windows 11, torí Microsoft ti jáwọ́ nínú àtúnṣe Windows 10 láti October 14, 2025. Ọmọ náà mi orí. Kò sí pírósẹ́sọ̀ kan tó ń wọ 775 tó ní gbogbo àṣẹ tí Windows 11 ẹ̀dà 24H2 ń béèrè. Linux á gbà á tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n lónìí kò sí CorelDRAW fún Linux. Torí Windows tí kò gba àtúnṣe mọ́ léwu lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n bá yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára rẹ̀, ó di ti àwòrán nìkan. Fóònù ni Bọ̀dá Káfè fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà.

Ibi tá a wà ṣáá nìyẹn, àfi pé lálẹ́ àná, Bàbá Onílé gbọ́ 95 yẹn. Ó ní ẹni tó ń lo 65 tẹ́lẹ̀ tó di 95 gbọ́dọ̀ fi kún owó iná. Àǹtí Báǹkì bá a ṣírò rẹ̀ níbẹ̀: wáàtì 30 lé, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, kò tó yúnìtì kan lọ́jọ́ mẹ́rin, àní bí pírósẹ́sọ̀ náà ò bá tilẹ̀ sinmi rárá. Bàbá Onílé kọ̀, ó ní owó lowó ń jẹ́. Èmi kàn jókòó tèmi, mo ní, "Bàbá, tó bá jẹ́ wáàtì là ń kà, èló ni fírísà Ìyá Onírẹsì ń jẹ?" Ilé dà rú. Wọ́n ti fi ìpàdé sí ọjọ́ Sunday, Ìyá Onírẹsì ò sì kí mi láti àárọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi dá a, kí ni mo ṣe? Ìbéèrè ni mo béèrè.