Aago Méjì Òru Tí Kò Dé

Ohun tí Bọ̀dá Oníkáfè kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé o ti tọ́jú ẹ̀dà àwọn nǹkan ẹ síbòmíràn?" Mo ní, "Ẹ̀dà méjì ni mo ní, sà." Mi ò parọ́ fún un. Méjì náà ni. Ó kàn jẹ́ pé mi ò sọ ibi tí wọ́n wà, òun náà ò sì bi mí.

Láptọ́ọ̀pù tí mò ń sọ yìí, ká ní Mende l'Ékòó ni mo ti rà á ni, tòkunbọ̀ là bá máa pè é. Peckham ní London ni mo ti rà á ní àlòkù, mi ò sì mọ orúkọ tí wọ́n ń pe tòkunbọ̀ tí kò tíì kúrò lókun. Ọdún mẹ́rin ló fi bá mi ṣiṣẹ́ láìṣàárẹ̀. Àfi bó ṣe di October 2025 tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé síwájú mi láràárọ̀: ọjọ́ 14 oṣù náà ni ìtọ́jú Windows 10 máa parí, kí n tètè bọ́ sórí Windows 11. Mo ní ó dáa, mo ti ṣe tán. Ó tún ní rárá o, chip inú òun ti dàgbà jù. Ìran kẹjọ Intel ni Windows 11 ti bẹ̀rẹ̀ sí í kani mọ́ èèyàn, ìran keje sì ni tèmi. Kí n kúrò níbi tí mo wà, kí n má sì wọ ibi tí mò ń lọ. Ẹni tó bá ti tọrọ físà rí mọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò. Ọmọkùnrin ibẹ̀ ní kí n lọ gba ọjọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ní èmi rèé níwájú ẹ. Ó ní òun rí mi, àmọ́ kọ̀ǹpútà òun ò tíì rí mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Otigba ní Ìkẹjà mọ bó ṣe ń rí: kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú dánfó, ẹni mẹ́ta ti di yín lọ́wọ́ mú, ẹnì kẹrin ti ń tú ìdí láptọ́ọ̀pù yín. Mi ò sọ pé èyí dáa ju tọ̀hún lọ. Mo kàn fẹ́ kẹ́nì kan rí mi ni.

Ni mo bá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbi tí mo máa ń gbé gbogbo ọ̀rọ̀ lọ, orí WhatsApp àwa tá a jọ dàgbà ní Mende. Ẹni àkọ́kọ́ fi ọwọ́ àdúrà méjì ránṣẹ́. Ẹnì kejì ní ká má rí ogun ayé. Ẹnì kẹta ní òun ní láptọ́ọ̀pù kan tó mọ́ tónítóní tóun fẹ́ tà. Ẹnì kẹrin, ọ̀kan lára àwọn tá a jọ máa ń gbá bọ́ọ̀lù lápá Odò Ìyá Aláró, wá sọ gbólóhùn tí mo kórìíra jù láyé: "Ìwọ tó o wà ní London, o ò kàn ra tuntun?"

Gbólóhùn yìí ti sú mi. Bí mo ní ẹ̀yìn ń ro mí, ìwọ tó o wà ní London. Bí mo ní òtútù ń mú mi, ìwọ tó o wà ní London. Wọ́n rò pé ní pápákọ̀ òfurufú ni wọ́n ti ń pín láptọ́ọ̀pù fún wa bá a ṣe ń bọ́ọ́lẹ̀. Ẹni tó sọ̀rọ̀ yìí, mo fowó ránṣẹ́ sí i nígbà tí ìyàwó ẹ̀ bímọ, owó ilé oṣù yẹn ni mo sì yọ ọ́ nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ n fi mọ síbẹ̀.

Bọ̀dá Oníkáfè nìkan ló dáhùn bí ẹni tó gbọ́ ìbéèrè. Ẹni tó bá gbé Mende ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn á mọ irú káfè tó ní: kọ̀ǹpútà mẹ́jọ, fáànù kan, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé, àti àwa ọmọ kéékèèké tá à ń sanwó àìsùn ká lè wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di ìdájí. Bí kọ̀ǹpútà kan bá kú, Bọ̀dá á mú CD Windows XP kan tí kò sẹ́ni tó mọ bàbá ẹ̀, á tì í bọ̀ ọ́, á sì máa ka kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 25, láìwo ìwé, bí ẹni ń ki oríkì ìran ẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbọ́ pé ọmọ South Africa kan, Mark Shuttleworth, ti gbé Ubuntu, irú Linux kan tó lè dípò Windows, jáde ní 2004, pé ọ̀fẹ́ ni, pé béèyàn bá sì béèrè, wọ́n á fi CD ẹ̀ ránṣẹ́ dé ibikíbi láyé láìgba kọ́bọ̀. Kò gbà á gbọ́, àmọ́ ó béèrè. CD dé Mende. Ọdún 2011 ni wọ́n tó dáwọ́ ẹ̀bùn yẹn dúró, Bọ̀dá sì ti pín tiẹ̀ káàkiri àdúgbò kó tó dìgbà yẹn. Mo fojú ara mi rí awakọ̀ dánfó kan tó so tiẹ̀ mọ́ dígí iwájú, tó ń yí bírí, tó ń dán yanran láti Maryland dé Ojota.

"Gbé Linux sí i, àbúrò. Linux Mint. Màá wà pẹ̀lú ẹ."

Àwọn ọ̀rẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló kọ́ Linux fúnra ẹ̀. Ọjọ́ 25 August 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní Helsinki, kọ̀wé sáwọn èèyàn tí kò rí sójú rí pé òun ń ṣe ètò kan fi ṣeré, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá fẹ́ kó wà nínú ẹ̀. Àwọn yẹn dá sí i, wọn ò sì tíì kúrò níbẹ̀ dòní. Ó tilẹ̀ kọ́kọ́ kí wọn kó tó sọ̀rọ̀, ẹ̀kọ́ ilé tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ ò jogún, ẹ ó rí i láìpẹ́.

Mint fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3 GB. Mo fà á sílẹ̀ kí tíì mi tó tutù. Ó ku fláàṣì tá a máa kó o sí. Ẹyọ kan tó wà nílé mi jẹ́ ohun tí wọ́n pín lóde ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin, ojú ọkọ àti ìyàwó wà lára ẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mi ò lè lọ sí ìgbéyàwó náà torí ìwé mi wà lọ́wọ́ ìjọba ìhín nígbà yẹn, béèyàn bá sì jáde láìgbà á, ó di kó máa wo London lórí tẹlifíṣàn. Wọ́n kó fídíò òde náà sínú fláàṣì, wọ́n fi rán ẹni tó ń bọ̀, pẹ̀lú gàrí, ẹ̀gúsí, àti aṣọ ẹbí tí mi ò rí ibi wọ̀. Mo ti da fídíò náà sórí láptọ́ọ̀pù. Ọ̀kan lórí fláàṣì, ọ̀kan lórí láptọ́ọ̀pù. Ẹ̀dà méjì.

Rufus, ètò tó ń kó Linux sórí fláàṣì, kìlọ̀ fún mi pé gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ máa run. Mo ní kó run. Ṣebí òmíràn wà lórí láptọ́ọ̀pù.

Alẹ́ Sátidé, ọjọ́ 25 October, la fi iṣẹ́ sí. Bọ̀dá wà lórí fídíò WhatsApp, mo gbé fóònù ti ife tíì kó lè máa wo ojú láptọ́ọ̀pù. Béèyàn bá tan irú láptọ́ọ̀pù mi, ó gbọ́dọ̀ tẹ F12 kí àmì àkọ́kọ́ tó kúrò lójú ẹ̀, kò sì ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà láàárín Mende àti Peckham náà ń jẹ ìṣẹ́jú àáyá méjì. Mo tan án. Àmì yọ, àmì lọ, Windows wọlé, ó fìdí kalẹ̀. Ìgbà náà ni ohùn Bọ̀dá ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀: "Tẹ̀ ẹ́! Tẹ̀ ẹ́ báyìí!" A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, ó bínú, ó ní mi ò kì í gbọ́ràn láti kékeré, pé òun á sọ fún ìyá mi. Nígbà keje, mi ò dúró dè é mọ́, mo ń tẹ F12 bí ẹni ń pa ìjàlọ. Mint yọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì, Bọ̀dá pariwo, "Tẹ̀ ẹ́!" Ó rí Mint lójú ẹ̀, ó fara ti àga. "Ṣé o rí i? Máa gbọ́ tàgbà."

A mú èdè. A mú kíbọ́ọ̀dù, mo sì rí Nàìjíríà nínú àkọsílẹ̀ wọn, Hausa, Igbo àti Yorùbá lábẹ́ ẹ̀, inú mi dùn bí ẹni rí aládùúgbò ní ibùdókọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé kan yọ tó ní òun fẹ́ pa gbogbo ohun tó wà nínú láptọ́ọ̀pù rẹ́ kóun tó gbé Mint síbẹ̀. Bọ̀dá sún mọ́ fóònù ẹ̀ títí tí imú ẹ̀ fi gba gbogbo ojú fóònù mi. Ó ní, "Má tẹ..."

Òkùnkùn. Mo gbọ́ bí àdúgbò Bọ̀dá ṣe mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ ìmí yẹn. Ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti wà níbí, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Wi-Fi bá iná lọ, Bọ̀dá bá Wi-Fi lọ. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wọlé láti orí dátà ẹ̀ tó kù díẹ̀: "Iná. Aago méjì." Ìyẹn ni pé aago méjì òru ni wọ́n máa ń mú un dé bí wọ́n bá mú un lọ nírú àsìkò yẹn. Ti jẹnẹrétọ̀, kò sóhun tó kàn án: láti May 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, Bọ̀dá kì í tan tiẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí kò bá la ẹ̀mí lọ.

Mo jókòó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ìhín, aago London àti ti Èkó dọ́gba, torí náà aago méjì ẹ̀ ni aago méjì mi. Mo ń wo fóònù. Ó di 1:58. Ó di 1:59. Ó di 1:00.

Mo nu ojú. Mo nu fóònù. Mo ti gbàgbé pé mọ́jú Sunday tó kẹ́yìn nínú October ni wọ́n máa ń dá aago pa dà níbí, wákàtí téèyàn ti lò tán, wọ́n á ní kó tún un lò. Ní Mende, aago méjì ti lù, iná ò sì dé. Lọ́dọ̀ tèmi, aago méjì dé ẹnu ọ̀nà, ó yí ẹ̀yìn pa dà.

Kí ni kí n ṣe? Mo bọ́ sórí Telegram, síbi táwọn onílinux kan máa ń wà tí n kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Mo kọ ọ́ lọ́nà ilé: ẹ kú òru o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, iná ló lọ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnì kan tó fi àwòrán ológbò ṣe ojú dáhùn kí n tó gbé ìka kúrò. Kò kí mi. Kò béèrè ta ni ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Ẹ̀dà wà?" Mo ní méjì. Ó ní, "Tẹ̀ ẹ́." Ó lọ. Gbogbo ẹ̀ ò gba ìṣẹ́jú kan.

Mo tẹ̀ ẹ́.

Àwòrán ayé yọ, ìbéèrè kan sì wà lókè ẹ̀: Níbo lo wà? Ó ti fi àmì sí London fúnra ẹ̀. Mo na ọwọ́ sí eku láti gbà fún un, ojú mi wá bọ́ sórí fláàṣì tó yọrí jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù, àbúrò mi àti ọkọ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Ìkòkò méjì ni mo pọn omi sí. Ọ̀kan ni mo fi fọ́ èkejì.

Ilé dákẹ́. Ní Mende, bírú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀ síni lóru, èèyàn á pariwo yéè, ẹnì kan á sì bi í láti ojú fèrèsé pé kí ló dé. Mo pariwo yéè, mo rọra ṣe é ni, torí aládùúgbò mi ti kọ lẹ́tà nípa ariwo rí. Mo gbé àmì kúrò ní London, mo fi í sórí Lagos. Ìwé tó tẹ̀ lé e yọ, ó ní: Ta ni ọ́? Mo bínú sí i. Mo kọ orúkọ mi láìfi àmì sí i.

Bọ̀dá pè nígbà tí fóònù mi wí pé 1:40. Ó ń mí hẹ́ẹ̀-hẹ́ẹ̀. "Àbúrò! Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kó o má tẹ̀ ẹ́ títí wàá fi sọ ibi tí ẹ̀dà méjì ẹ yẹn wà fún mi."

Mo ní, "Ó wà, sà."

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi gbé e mì. Mint ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó tilẹ̀ yá ju ti àtijọ́ lọ, èyí ló ń dùn mí jù. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún Bọ̀dá, kò bú mi. Ó kàn lọ kọ ọ́ síta fún gbogbo Mende lórí WhatsApp pé ọmọ Ìyá Oníbúrẹ́dì ti pa ìgbéyàwó àbúrò ẹ̀ rẹ́. Èèyàn mọ́kànlélógún ló rẹ́rìn-ín, títí kan ẹni tó ní kí n ra tuntun. Àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó kọ̀wé sí mi lọ́tọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ tilẹ̀ wò ó?"

Mi ò tíì dá a lóhùn. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni mo wò nígbà tó dé. Ibi tí wọ́n ti ní káwọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó jáde síta ni mo ti pa á dé.

Bọ̀dá ti rìn lọ sọ́dọ̀ oníkámẹ́rà, ó ti gba fídíò náà, ó gé e wẹ́wẹ́, ó sì ń fi í ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí iná bá dé. Kò wá tẹ̀ léra. Apá 9 ló kọ́kọ́ wọlé, kúlà oúnjẹ nìkan ló wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Apá 16 tẹ̀ lé e, àwọn àbúrò bàbá mi ń bá onílù ja ìjà owó. Lánàá ni apá 3 dé. Màmá mi ló dojú kọ kámẹ́rà, ó tún gèlè ẹ̀ ṣe, ó dárúkọ mi, ó lanu, ibẹ̀ ló sì já. Ohun tó sọ wà ní apá 4.

Mo bi Bọ̀dá ìgbà tí apá 4 máa dé. Ó ní, "Aago méjì."