Ọdẹ Ló Sọnù, Ajá Kọ́

Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Láti ayébáyé tí a ti ń pa òwe yìí, ajá là ń dá lẹ́bi: etí rẹ̀ ti di, ìparun ti ń pè é. Kò sẹ́ni tó jẹ́ bi ọdẹ pé, "Bàbá, irú fèrè wo lẹ mú dání? Ṣé ajá tí ẹ ń fọn ún fún yìí mọ̀ yín rí?" Èmi ò ní bá àwọn àgbà jiyàn lórí ajá tiwọn. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í gbó, kì í jẹ egungun, inú chip ló ń gbé, kò sì tóbi tó orí abẹ́rẹ́. Etí tirẹ̀ mọ́ kedere. Ọdẹ ló ń sọnù.

Nínú microcontroller, ìyẹn kọ̀ǹpútà pínníṣín tó wà nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, nínú mítà iná, nínú inverter tó ń kùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn yín, aago kan wà tó ń kà láìdúró. Watchdog ni wọ́n ń pè é, ajá ìṣọ́. Iṣẹ́ kóòdù ni kó máa fọn fèrè sí i lóòrèkóòrè pé òun wà láyé, òun ò sùn. Bí fèrè bá dún, ajá á padà sí ìbẹ̀rẹ̀ òǹkà. Bí kóòdù bá há síbì kan, tí fèrè ò dún, tí òǹkà sì pé, ajá á bu ọdẹ jẹ: á pa chip, á tún un tàn. Ajá tó ń bu olówó rẹ̀ jẹ kí olówó rẹ̀ má bàa kú sójú oorun, mélòó irú ẹ̀ la rí?

Wàyí o, ẹ wo Ẹnjiníà Làmọ̀rín. Orí pákó Arduino Uno, tó ń lo chip ATmega328P, ló ti kọ́ iṣẹ́. Ó mọ wdt_enable, ó mọ wdt_reset, ajá rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kan ó gbọ́ pé chip mìíràn, STM32F103, ń sáré ní 72 MHz, nígbà tí Uno ń fi 16 MHz wọ́lẹ̀. Ó ra tuntun, ó da kóòdù àtijọ́ lé e lórí. Kọ̀ǹpáílà figbe ta pé òun ò rí avr/wdt.h. Làmọ̀rín pa ìlà náà rẹ́. Kọ̀ǹpáílà tún figbe ta pé òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ wdt_reset. Ọkùnrin yìí ronú díẹ̀, ó kọ #define wdt_reset() sókè, kò sì fi nǹkan kan síwájú rẹ̀. Igbe dákẹ́ wẹ́lo. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù: "Ọ̀gá, ó ti ń ṣiṣẹ́ o!" Ọ̀gá ní Ọlọ́run á bù kún un.

Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Fèrè wà lójú ìwé ní ibi mẹ́wàá, ẹni tó bá ka kóòdù á rò pé ọ̀gá ọdẹ ló kọ ọ́. Ajá ni kò sí.

Ajá inú STM32F103, IWDG lorúkọ rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́ta péré ló mọ̀. 0xCCCC la fi ń tú u sílẹ̀. 0xAAAA ni fèrè rẹ̀. 0x5555 la fi ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó yí àkókò rẹ̀ padà. Ẹni tó bá ń fọn 0xAAAA láìtíì fi 0xCCCC tú ajá sílẹ̀, igbó lásán ló ń fọn ún sí. Ibi tí ọ̀rọ̀ sì ti le nìyí: bí o bá ti tú u sílẹ̀, kò sí okùn tó tún lè dè é, àfi kí chip náà bẹ̀rẹ̀ látorí ẹsẹ̀. Ti ATmega kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, Làmọ̀rín a máa lo wdt_disable láti so ajá mọ́lẹ̀ bó bá fẹ́ kọ nǹkan gígùn sínú káàdì SD, á sì tú u lẹ́yìn náà. Nígbà tó wá tú ajá STM32 sílẹ̀ lóòótọ́, ó gbé ìwà yẹn dé ilé onílé. Ó ń kọ̀wé lọ sínú káàdì, ajá bù ú jẹ láàárín gbólóhùn, fáìlì bàjẹ́.

Àkókò náà ńkọ́? Aago tí ajá yìí ń tẹ̀lé, 40 kHz ni wọ́n kọ sórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe chip náà sọ gbangba pé ó lè wà níbikíbi láàárín 30 sí 60. Ìṣẹ́jú àáyá 4 tí o ṣírò sórí bébà lè di 2.7, ó lè di 5.3. Bó o bá ṣe iṣẹ́ tó ń gba ìṣẹ́jú àáyá 3, ẹ̀rọ kan nínú páálí á máa kú, èkejì rẹ̀ á máa ṣe dáadáa, wọ́n á sì ní ẹni tó ta chip ló lù wọ́n ní jìbìtì. (Nínú chip yìí kan náà, ajá kejì wà tó ń jẹ́ WWDG: bí fèrè bá pẹ́, á jẹni, bó bá tètè yá jù, á jẹni. Mo fura pé nítorí irú Làmọ̀rín ni wọ́n ṣe dá a.)

Àwọn tó tún ń kó kóòdù bọ̀ láti STM32 wá sórí ATmega ò yọ. Ajá ATmega328P, bó bá jẹni tán, kì í padà sílé. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà, àsìkò tó kúrú jù ló máa mú, nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 16, títí kóòdù á fi nu bíìtì WDRF, àmì pé ajá ló jẹni, kúrò kó tó lè lé e lọ. Bootloader àtijọ́, ìyẹn kóòdù tó máa ń kọ́kọ́ jí bí chip bá tàn, kò mọ èyí. Kó tó na ara, ajá ti tún jẹ ẹ́. Iná orí pákó náà á máa ṣẹ́jú wìrìwìrì, olówó rẹ̀ á máa wá ẹni tó ṣe é.

MSP430 ti Texas Instruments ní tirẹ̀ kì í dúró de ẹni tó máa tú u: bí iná bá ti dé, ajá ti dìde. Ìdí nìyí tí kóòdù àpẹẹrẹ rẹ̀ fi máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú WDTCTL = WDTPW | WDTHOLD, pé ká kọ́kọ́ di ajá lẹ́nu. Fún ọmọ iṣẹ́, kò burú. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ há ìlà yẹn sórí, ó fi gba fírídọ̀mù, ó sì gbé e wọ inú ẹ̀rọ tó ń tà fún aráyé.

Gbogbo ìwọ̀nyí ṣì kéré. Àgbà wọn ni ẹni tí ajá ń bù jẹ lójoojúmọ́, tí kò wá ibi tí kóòdù rẹ̀ ti ń há, tó wá gbé fèrè fún timer interrupt, ìyẹn aago tó máa ń já wọ àárín iṣẹ́ kóòdù lóòrèkóòrè. Interrupt kì í béèrè ohun tí kóòdù ń ṣe lọ́wọ́. Bí àkókò bá ti tó, á fọn tirẹ̀, á lọ. Ká ní ẹ̀rọ tó ń sàba lé ẹyin adìẹ ni. Wáyà sẹ́ńsọ̀ já, kóòdù há síbi tó ti ń dúró de ìdáhùn, iná ìgbóná sì wà ní títàn. Ọdẹ ti kú sínú igbó, fèrè ń dún lọ rẹrẹ, ajá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ẹyin bíbọ̀ ló máa bá. Ìparí loop ni ibùjókòó fèrè, lẹ́yìn tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ti jẹ́rìí pé òun ṣe tòun.

Kí ẹ má sì rò pé àwa tálákà nìkan ló ń ṣe é. Lọ́jọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 1994, Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ òfurufú Clementine lọ ya àwòrán òṣùpá. Ó ṣe é tán, wọ́n fẹ́ darí rẹ̀ sọ́dọ̀ òkúta òfurufú kan tó ń jẹ́ Geographos. Lọ́jọ́ 7 oṣù Karùn-ún, kọ̀ǹpútà rẹ̀ há. Fún ìṣẹ́jú 11 gbáko ni àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké tó ń darí rẹ̀ ń tu epo dànù, títí epo fi tán, tó sì ń pòòyì ní ìgbà 80 láàárín ìṣẹ́jú kan. Geographos di àwátì. Ajá ìṣọ́ wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Àwọn tó kọ kóòdù kò lò ó.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kó kóòdù láti chip kan sí òmíràn, mo bẹ̀ yín. Kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ náà fún oníbàárà, ẹ fi while(1); sí àárín iṣẹ́ gan-an kí kóòdù lè há síbẹ̀, kí ẹ sì dúró tì í. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀, tó bá jẹ́ STM32F103 ni, ẹ wo àmì IWDGRSTF nínú RCC_CSR, bóyá ajá ló jẹ yín lóòótọ́. Bó bá kàn dúró síbẹ̀ tó ń wò yín, ẹ má tíì gba ìyókù owó iṣẹ́ yín.