Ọ̀gá Pàṣípààrọ̀

Ẹ wo ọkọ̀ tí wọ́n fi tapólì bò níwájú ilé yẹn, tí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin gbé dúró. Ẹ má pè é ní ọkọ̀ tó ti kú létí ẹni tó ni ín o. "Ó ń sinmi ni," ni yóò fi dá yín lóhùn, á sì ká tapólì náà sókè títí ẹ ó fi rí ìràwọ̀ Bẹ́ńsì níwájú rẹ̀, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀.

Kò sí àdúgbò tí irú wọn kò sí, ní Ìbàdàn ni o, ní Ṣúrùlérè ni o. Ọkọ̀ Jámánì àtijọ́ nìkan ló ń wọ̀ wọ́n lójú, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rà á: pípààrọ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Ìjàpá ni tiwa yìí kọ́kọ́ ní, Volkswagen tí wọ́n tò ní Èkó níbí, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí búùtù wà níwájú. Ìjàpá yẹn ń rìn o! Ó ń gbé ọmọ lọ síléèwé, ó ń gbé ìyá wọn lọ sọ́jà. Nígbà tí wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn ní Mẹ́síkò lọ́dún 2003, ọ̀gá búra pé ikú nìkan ló lè ya òun àti tòun. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi í gba Bẹ́ńsì flat boot.

Ẹ bá a níbi ìkómọ, ẹ bá a níbi ìsìnkú, ọ̀rọ̀ flat boot ló ń sọ. Pé ọdún 1976 ni wọ́n gbé e jáde, pé wọ́n ṣe é tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.7 kí wọ́n tó dáwọ́ dúró, pé olówó tí kò bá ní i láyé Ṣàgàrí, ẹ̀tẹ́ ni. Kò kúkú purọ́. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé irú Bẹ́ńsì yẹn gan-an làwọn onítakisí ń wà kiri ní Jámánì láyé ìgbà náà.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ fi í gba Bẹ́ńsì V-boot, ó ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun bo ihò tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó ti dírẹ́bà, ihò téèyàn ti ń wo ọ̀dà títì. Ẹnì kejì náà kò kẹ̀rẹ̀. Ó ti jí ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ sílẹ̀ kí àlejò tó dé, ó sì ti da ọ́ìlì tó ki sí i kí ariwo inú rẹ̀ lè rọlẹ̀. Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn àwọn méjèèjì ò ríran. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ṣàdúrà, ọ̀gá tún fi owó lé tirẹ̀. "Owó díẹ̀ ni," ló wí nílé. Owó ilé-ìwé táàmù kẹta ni.

V-boot gbé e délé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kọ̀ jálẹ̀. Mẹkáníìkì ní ẹ́ńjìnnì ti lọ. Ọ̀gá ní kò sí wàhálà, òun mọ ẹni tó ń ta tòkunbọ̀ rẹ̀ ní Ládípò. Títí dòní, ó ṣì mọ ẹni náà.

Àlejò kì í lọ láìjẹ́ pé ó rí wáípà. Ọ̀kan péré ni V-boot ní: á nà dé kọ̀rọ̀ gíláàsì, tó bá dé àárín á súnkì, á tún nà dé kọ̀rọ̀ kejì. Nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ọ̀gá á rán ọmọ kó bu omi sí gíláàsì, á so bátìrì tó yá lọ́wọ́ aládùúgbò mọ́ ọn, wáípà á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. "Ẹ wo ọpọlọ àwọn Jámánì!" Àlejò á pàtẹ́wọ́. Ta ni yóò wá béèrè ẹ́ńjìnnì?

Ní báyìí, ó ti gbọ́ ìró BMW 1988 kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó ni ín sì ń wá V-boot lójú méjèèjì.

"Ṣé ìyẹn ń rìn, olówó orí mi?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ó ku díẹ̀ kó máa rìn."

Ó ní Sátidé lòun ń lọ wò ó, kí ìyàwó òun jọ̀ọ́ yá òun lówó dánfó àlọ àtàbọ̀.