Oríkì Òṣómàáló Inú Agolo

Èèrà ló tú àṣírí rẹ. Wọ́n tò láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 15 tó ń múra WAEC lọ́dọ̀ mi. Mo tan iná fóònù, mo tẹ̀ lé wọn, mo kúnlẹ̀, mo yọjú. Agolo mẹ́ta, òfìfo, ẹ fara ti ara yín bí ìjòyè tó ti òde àríyá bọ̀. Ìwọ rèé! Níwọ̀n ìgbà tí mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kúkú kí ọba.

Kábíyèsí, ẹ́nájì dríǹkì!
Òṣómàáló orí àyà,
Akọ màlúù inú agolo,
Màlúù tí darandaran kankan ò dà rí,
A ṣí ọ lẹ́nu, o pòṣé ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀!

Ẹ wo ìdílé ńlá. Wọ́n ní nǹkan kan wà nínú rẹ tó ń jẹ́ taurine. Ọdún 1827 ni àwọn ará Jámánì méjì kọ́kọ́ rí i nínú òróòro akọ màlúù, ara màlúù náà ni wọ́n sì ti fa orúkọ rẹ̀ yọ. Òróòro o, èyí tí alápatà máa ń rọra gé sọ nù kó má baà bẹ́ sára ẹ̀dọ̀! Lónìí, ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń pò ó, ẹran kankan ò kú sí i. Ìyẹn ni mo ṣe ń kì ọ́:

Akọ màlúù tí kò ní pọ̀nmọ́,
Màlúù aláìníṣàkì, màlúù aláìnífùkù,
A wá bọ́kọ́tọ̀ rẹ títí, a ò rí pátákò.
Wọ́n pa ọ́ lọ́jọ́ iléyá, gbogbo àdúgbò jẹ ẹ̀bà lásán.
Dípò ọ̀rá, ṣúgà lo gbé sára:
Gíráàmù 27 nínú agolo mílílítà 250,
Ṣíbí ìpo-tíì mẹ́fà, ó tún lé díẹ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ tó wù mí jù ni Òṣómàáló. Àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò aṣọ ló ni ín kí o tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á tajà láwìn. Bí ọjọ́ bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn ò ní nàró títí owó yóò fi pé. Ṣé o rí i, Ìjẹ̀ṣà gbé aṣọ wá. Kí ni ìwọ gbé wá? Okun kọ́. Bí ara bá ti ṣiṣẹ́ pẹ́, ìránṣẹ́ kan wà tó máa ń lọ bá ọpọlọ pé ó ti rẹ̀ wá, ẹ jẹ́ ká sùn. Kafíìnì rẹ á sáré lọ jókòó sórí àga ìránṣẹ́ yẹn. Ìránṣẹ́ á dúró síta, ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa wá bá a. Ọjọ́ tí kafíìnì bá dìde, gbogbo wọn á rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Òṣómàáló tó jí oorun ọmọ, tó tún un tà fún ọmọ láwìn!
Òṣómàáló tí kì í lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà,
Àárín àyà ló ń lóṣòó sí,
Aago méjì òru ló ń béèrè owó.

Òótọ́ ni, kafíìnì wà nínú obì náà. Bàbá mi àgbà ń jẹ gbànja, àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò wa ń fi ṣọ́ òru. Ṣùgbọ́n obì korò, kíkorò rẹ̀ ló ń sọ fún ẹnu pé ó tó. Ìwọ bo kíkorò mọ́lẹ̀, o da ṣúgà lé e, o ya mànàmáná sára.

Lóru tó ṣáájú ọjọ́ tí èèrà tú àṣírí rẹ, aago méjì, ọmọ náà kan ilẹ̀kùn mi. "Àǹtí, ẹ gbà mí, àyà mi fẹ́ já." Mo gbé ọwọ́ lé e: ó ń lù kìkìkì bí gángan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ náwó fún. Mo sáré gbé òróró àdúrà. Mo de àwọn ọ̀tá ilé bàbá rẹ̀, mo de ti ilé ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀tá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní ọjọ́ ìbàjẹ́ lára.

Ẹ̀fẹ̀ tán ná. Ọmọ yẹn ń gbọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí yìnyín. Àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù ní kí ọmọdé má kọjá mílígíráàmù kafíìnì 3 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n, lójúmọ́. Kílò 50 ni tiwa. 150 ni òpin rẹ̀. Agolo kọ̀ọ̀kan ní 80, ó sì mu mẹ́ta kó tó di ọ̀gànjọ́. Ẹni tó tà á fún un rí yúnífọ́ọ̀mù lára rẹ̀. Agolo pàápàá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé òun ò yẹ ọmọdé, lẹ́tà kékeré bí ẹyin iná orí. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn: ó mọ̀!

Ó dáa, mo ti padà sórí ìkúnlẹ̀.

Ọba tí Lithuania lé kúrò lọ́dọ̀ ọmọdé lọ́dún 2014,
Tí Poland tilẹ̀kùn mọ́ lọ́dún 2024,
Tí àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà ti ní kò láyè lẹ́nu ọmọ láti 2011,
O kẹ́rù, o dé ẹnu géètì ilé ìwé wa,
A tẹ́ yìnyín fún ọ nínú kúlà, o gúnwà.

Ọmọ sùn láti àárọ̀ Sátidé di ìrọ̀lẹ́, ó fi orí lé ìwé ìṣirò, itọ́ rẹ̀ pa ojú ìwé mẹ́rin rẹ́. Òṣómàáló gbowó pé. Ó nàró, ó gbọn aṣọ nù. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo rí i lẹ́nu géètì, òtútù mú un dáadáa, ó ń tàn yanran sójú ọmọ JSS 2 kan tó ń ka owó ọkọ̀ rẹ̀.