Ọ̀gá Mo-Ti-Gbọ́

Kò sí àdúgbò nílẹ̀ Ìbàdàn tí kò ní mẹkáníìkì ọ̀kadà tirẹ̀. Ẹ wo abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú kirikiri nítorí epo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti ń dà síbẹ̀ láti ayé Abacha. Bẹ́ǹṣì onígi kan wà níbẹ̀, táyà ògbólógbòó wà níbẹ̀, ìgò omi tí wọ́n rọ petiróòlù sí wà níbẹ̀, ọkùnrin kan sì jókòó sáàárín wọn, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ o, ṣùgbọ́n Mo-Ti-Gbọ́ ni mo máa ń pè é nínú ikùn mi. Gbólóhùn tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, kí oníbàárà tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Máṣíìnì yìí ni. Tí mo bá ṣàdédé fún un níná, yóò kọ́kọ́..."

"Mo ti gbọ́."

"Kì í ṣe gbogbo ìgbà o. Tí mo bá rọra..."

"Ọ̀gá mi, mo ní mo ti gbọ́. Plọ́ọ̀gì ni."

Ká má parọ́ mọ́ ọn, etí yẹn kì í ṣe etí lásán. Ẹ gbé ọ̀kadà Boxer lọ bá a, kí ẹ rí iṣẹ́. Kí ọlọ́kadà tó yà kúrò lójú títì ló ti mọ̀ pé ṣéènì ti dẹ̀, tàbí pé tápẹ́ẹ̀tì ń lù. Yóò mú sukudíráfà, yóò dẹ etí sílẹ̀, yóò máa yí bóòtù atẹ́gùn ara kabúrétọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó yí i síwájú, ó yí i padà, títí ẹ́ńjìnnì yóò fi máa dún geere láìkọsẹ̀. Kò wo ìwé, kò lo mítà. Ó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tirẹ̀, ó fọ aṣọ fún ìyàwó ọ̀gá, ó jẹ ìgbátí, ó gba fúrídọ́ọ̀mù. Ká ní kabúrétọ̀ nìkan ló wà láyé ni, n kò ní ohunkóhun láti bá a fà.

Ìgbà tí máṣíìnì tí kò ní kabúrétọ̀ wọ àdúgbò ni nǹkan yí padà. Òfin ìrìnnà Èkó ti ọdún 2012 lé àwọn ọ̀kadà kéékèèké kúrò lójú títì ńláńlá, ó dá èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá tó 200cc sí. Ó wà lára ohun tó jẹ́ kí ojú àwọn èèyàn máa wo máṣíìnì ńlá, ohun tó bá sì ti gba Èkó kì í pẹ́ dé Ìbàdàn. Tókúnbọ̀ Honda dé, ti Suzuki dé, ti Yamaha dé, ẹ sì tú wọn yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, ẹ ò ní bá kabúrétọ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe nǹkan àná náà. Láti ọdún 1980 ni Kawasaki ti gbé Z1000 tó ń fi iná mànàmáná wọn epo jáde; Ọ̀gá kò tíì gba fúrídọ́ọ̀mù nígbà náà. Ní oṣù Kẹrin 2020, òfin èéfín tuntun bẹ̀rẹ̀ ní India, níbi tí Bajaj àti TVS ti ń wá, púpọ̀ nínú máṣíìnì tí wọ́n ń tà nílé wọn sì dágbére fún kabúrétọ̀. Boxer tiwa níbí ṣì ń lo kabúrétọ̀ tirẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí Ọ̀gá ṣì máa fọwọ́ sọ̀yà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tuntun yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí Ọ̀gá kò ní sọ fún yín. Pọ́ọ̀mpù kan wà nínú táǹkì tó ń ti epo jáde pẹ̀lú agbára. Lára ọ̀pọ̀ Honda, ó máa ń tó 43 psi. Epo náà dé ẹnu nọ́sù, ó dúró. Bíréènbọ́ọ̀sì, ìyẹn ọpọlọ máṣíìnì, ló máa pàṣẹ ìgbà tí nọ́sù yóò là àti bí yóò ṣe pẹ́ tó kó tó padé, ohun tí kò ju ìdá mélòó kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Bíréènbọ́ọ̀sì kò lójú. Ohun tí àwọn sẹ́ńsọ̀ bá sọ fún un ló ń gbà gbọ́: bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó, bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, bí ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún ṣe ṣí iná tó. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni wọ́n ń pè ní TPS. Wáyà mẹ́ta ni, fọ́lìtì márùn-ún ló ń gbà wọlé. Tí iná bá wà ní pípadé, ohun tó ń dá padà kò ju nǹkan bí ìdajì fọ́lìtì lọ, tí wọ́n bá ṣí i tán, yóò ti lé ní mẹ́rin. Bí iye yẹn bá ń gòkè láìfò, máṣíìnì yóò gbaná. Bí ọ̀rọ̀ bá já láàárín, ẹ ṣí iná, bíréènbọ́ọ̀sì kò mọ̀ pé ẹ ṣí i, epo kò dé lásìkò, máṣíìnì dákú díẹ̀ kó tó ta yín síwájú.

Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin báńkì kan láti Bódìjà fẹ́ sọ nìyẹn, lọ́jọ́ tó gbé Honda CBR tókúnbọ̀ rẹ̀ wá. Ó ti rò ó dáadáa. Tó bá rọra ṣí iná, kò sí wàhálà. Tó bá ń sáré lọ geere, kò sí wàhálà. Àfi tó bá ṣàdédé wọ́ iná láti kọjá dánfó, ìgbà náà ló máa kọ́kọ́ fà sẹ́yìn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe níye lórí tó! Ìdajì iṣẹ́ ló ti ṣe fún Ọ̀gá lọ́fẹ̀ẹ́. Inú ìwé àtúnṣe Honda gan-an, ohun tí wọ́n kọ síwájú kóòdù àléébù TPS ni pé ẹ́ńjìnnì kò ní dáhùn dáadáa tí wọ́n bá yára ṣí iná. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ti gbọ́.

Wọ́n pààrọ̀ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò yí padà. Ọ̀gá ní nọ́sù ló dọ̀tí, wọ́n tú nọ́sù, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti petiróòlù inú ìgò fọ̀ ọ́. Kò yí padà. Ó ní pọ́ọ̀mpù ti kú. Pọ́ọ̀mpù tó ń kọrin fún ìṣẹ́jú àáyá méjì nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ṣí kọ́kọ́rọ́! Ó ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ránṣẹ́ sí Nnewi, pé wọ́n ní ojúlówó. Pọ́ọ̀mpù dé, owó lọ, máṣíìnì kò yí padà. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu lára irú èèyàn yìí ni pé bí ó bá ṣe ń ṣì í tó ni ọkàn rẹ̀ ń balẹ̀ tó. Plọ́ọ̀gì, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́. Pọ́ọ̀mpù, ó nawọ́ sí i. Nígbà tó kan bíréènbọ́ọ̀sì, ó dìde dúró.

Kó tó dé orí bíréènbọ́ọ̀sì ló ti dé ọ̀dọ̀ throttle body, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Ojú rẹ̀ tàn. "Ṣé ẹ rí kabúrétọ̀ rẹ̀!" Àwọn bóòtù kékeré kan wà lára nǹkan náà tí wọ́n kun lọ́dà funfun láti ilé iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn wọ́n, torí orí òṣùwọ̀n ni wọ́n ti dè wọ́n. Ọ̀gá fi ẹnu sukudíráfà ha ọ̀dà náà kúrò. Mo rí i bó ṣe ń já bọ́ sílẹ̀ ní ègé kéékèèké lórí ilẹ̀ dúdú yẹn. Ó dẹ etí sílẹ̀, ó yí èkíní síwájú, ó yí èkejì padà. Ẹ́ńjìnnì tó ti ń dún geere tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́. "Ó ti ń gbọ́," ni Ọ̀gá wí.

Ní gbogbo àsìkò yìí, máṣíìnì náà ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń sọ̀rọ̀. Lára àwọn Honda yẹn, tí kóòdù bá wà nílẹ̀, tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ gbé e dúró tí wọ́n ṣí kọ́kọ́rọ́, iná kékeré kan lórí dáṣíbọ́ọ̀dù yóò máa ṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú gígùn kan dúró fún mẹ́wàá, kúkúrú dúró fún ení. Ọ̀kan jẹ́ sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́, méje jẹ́ ti ooru ẹ́ńjìnnì, mẹ́jọ jẹ́ TPS. Ọmọ iṣẹ́ kékeré kan ló kíyè sí i. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó máa na sípánà sí Ọ̀gá lọ.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, iná yìí ń ṣẹ́jú o. Mo kà á, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni. Ó tún sinmi, ó tún ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹjọ."

"Ta ló bi ọ́? Ṣé iná ló ń gbé máṣíìnì rìn ni?"

Ọ̀gá tú ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó já wáyà iná náà, ó fi tépù dúdú dì í. Ó ní irú iná bẹ́ẹ̀ ló ń kó oníbàárà lọ́kàn sókè.

Lójú Ọ̀gá, bí kò bá jẹ́ plọ́ọ̀gì, tí kò jẹ́ pọ́ọ̀mpù, epo burúkú ni. Ní oṣù Kejì 2022, nígbà tí epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà tí ọkọ̀ ń kú káàkiri, Ọ̀gá jàre pátápátá, ohun tó sì bà á jẹ́ nìyẹn. Epo ọdún 2022 ló ṣì ń ba máṣíìnì jẹ́ lójú rẹ̀ títí di òní, títí kan máṣíìnì tó ti èbúté wọlé lánàá.

N kò ní di gbogbo ẹ̀bi ru ọkùnrin yìí ṣá. Àwa la fi í jẹ. Mẹkáníìkì mìíràn wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa, ọ̀dọ́ ni, ó ní mítà, ó sì máa ń bi èèyàn ní ìbéèrè: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ṣé ó tutù ni àbí ó gbóná, ta ló fọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn. Ó máa kọ́kọ́ di ọwọ́ iná mú, yóò wò ó bóyá ìdẹ̀ra wáyà rẹ̀ wà láàárín mìlímítà 2 sí 6 tí ìwé Honda wí. Ó máa wo fílítà atẹ́gùn, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí eruku bá ń jẹ́ baba. Ó máa fọ́n nǹkan sára rọ́bà tó so throttle body mọ́ ẹ́ńjìnnì, kó gbọ́ bóyá ó ti sán tó ń fa afẹ́fẹ́ olè. Nǹkan olówó pọ́ọ́kú ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá wá bi í pé kí ló ṣe é, yóò ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ná." Kí là ń wí nípa rẹ̀? Ọmọdé ni, kò tíì mọ iṣẹ́. À ń rìn kọjá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ bá ẹni tó dáhùn kí a tó bi í. Babaláwo pàápàá yóò dífá kó tó sọ ohun tó rí, Ọ̀gá kò ní sùúrù ìyẹn, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ rẹ̀ lèrò pọ̀ sí. Owó tí a fi ń ra pọ́ọ̀mpù tí kò bàjẹ́, owó ìfọ̀kànbalẹ̀ wa ni.

Ti ọmọ báńkì yẹn yanjú lọ́jọ́ tí Ọ̀gá lọ síbi ìsìnkú ní Ọ̀yọ́. Ọmọ iṣẹ́ kékeré wá tú tépù dúdú, ó so wáyà iná padà, ó tún ka ẹ̀ẹ̀mẹjọ rẹ̀, ó sì lọ yá mítà lọ́wọ́ ẹni ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ó tọ wáyà mẹ́ta TPS títí dé ibi tí wọ́n ti kì í bọ ara wọn, ó fà á yọ. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé ló bò ó nínú. Àwọn tó ń fi omi alágbára fọ ọkọ̀ ló ti fọ́n omi sí i, kò sì sẹ́ni tó nù ún gbẹ. Ó ha á, ó fọ̀ ọ́, ó kì í padà. Fọ́lìtì gòkè láti ìsàlẹ̀ dé òkè láìfò. Wọ́n wọ́ iná, máṣíìnì sì gbà á lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń húkọ́ díẹ̀ nítorí àwọn bóòtù tí Ọ̀gá ti yí.

Ọ̀gá ti Ọ̀yọ́ dé, ó gbọ́ ìròyìn, kò bínú rárá. Ó ká apá mọ́ àyà. "Mi ò sọ fún yín? Pọ́ọ̀mpù tuntun yẹn kì í tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó máa ń kọ́kọ́ mọ ara máṣíìnì."

Ṣùgbọ́n ó ronú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó ra ẹ̀rọ àyẹ̀wò kan lọ́wọ́ ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe, èyí tó ní gíláàsì tó ń tàn. Ti mọ́tò ni: ẹnu rẹ̀ ní ihò mẹ́rìndínlógún, wáyà mẹ́rin péré ló sì wà níbi àyẹ̀wò lára Honda yẹn. Kò tíì wọ ara máṣíìnì kankan rí. Ó gbé e kọ́ sára igi máńgòrò, níbi tí gbogbo ẹni tó ń bọ̀ yóò ti kọ́kọ́ rí i, ó sì ti wà nínú ìwé owó báyìí: ọwọ́ iṣẹ́, petiróòlù ìfọnọ́sù, owó kọ̀ǹpútà. Oníbàárà kan bi í ní ohun tí kọ̀ǹpútà náà sọ nípa máṣíìnì òun. Ọ̀gá wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní kọ̀ǹpútà kì í bá oníbàárà sọ̀rọ̀.