Gíà Ni Kò Jẹ́

Ní àárọ̀ Sátidé, nígbà tí àwọn aláta Ọjà'ba bá ń sọ ẹrù, ẹ ó rí Alàgbà Onígíà ní ìdí òkè Màpó, ní Ìbàdàn. Bódìjà ló ń gbé, ṣùgbọ́n agboolé bàbá rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn Bẹẹrẹ, ó sì gbà pé ìyẹn ti sọ òkè náà di ogún òun. Kẹ̀kẹ́ tuntun ló wà lábẹ́ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ olókè tí táyà rẹ̀ nípọn tó sì léyín. Ṣòkòtò pénpé tó há mọ́ ọn ní tìmùtìmù nídìí, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kò ní orí ìka. Kò tíì gun kẹ̀kẹ́ náà kúrò lójú kan tí fọ́tò rẹ̀ fi jáde.

N kò bínú sí ẹni tó ra kẹ̀kẹ́. Owó rẹ̀ ni. Ẹnu rẹ̀ ni mo ń bá jà, nítorí irú rẹ̀ ti pọ̀ nígboro, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà lẹ́nu gbogbo wọn.

Iṣẹ́ tí gíà ń ṣe kò ṣòroó mọ̀. Kí èèyàn tó dé ìdí òkè ni yóò ti gbé ṣéènì sórí eyín ńlá tó wà lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ yóò máa yí wéréwéré, kẹ̀kẹ́ yóò máa rọra gòkè. Ìtìjú ni ìyẹn lójú Alàgbà. Ta ló fẹ́ kí àwọn obìnrin Ọjà'ba máa wo òun, kí òun máa yí ẹsẹ̀ bí ẹni ń lọ ata, kí ọmọdé tó ń fẹsẹ̀ rìn sì kọjá òun? Nítorí náà, eyín kékeré ló ń lò, èyí tó wà fún ilẹ̀ títẹ́jú, tó ń mú kẹ̀kẹ́ fò. Kó tó gòkè dé ìdajì, itan rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ìgbà yẹn gan-an, tí gbogbo ìwúwo rẹ̀ wà lórí pẹ́dàlì, ló máa ń rántí tẹ gíà. Ṣéènì yóò lọgun, gàràgàrà, yóò fò, yóò já bọ́. Alàgbà yóò sọ̀kalẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò tẹjú mọ́ ọn.

"Gíà ni," ni yóò wí. Ẹnikẹ́ni kò bi í.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ló wọ inú gíà. Nígbà ọyẹ́, eruku ni. Nígbà kan, ó ní ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kò ro ti òkè ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú mọ́ ọn. Ó ti ra epo ṣéènì ọlọ́wọ́n tán, ó ti ránṣẹ́ pe ọmọkùnrin kan wá láti Èkó. Fọganáísà tó wà ní ọ̀nà Bẹyẹrúnká dojú kẹ̀kẹ́ náà dé, ó fọwọ́ yí pẹ́dàlì, ṣéènì gun eyín ńlá, ó sọ̀, ó tún gùn ún. Ó ní, "Kò sóhun tó ṣe é, ẹ̀gbọ́n." Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn pé kò mọ kẹ̀kẹ́ ìgbàlódé. Gíà kan náà kì í ṣàìsàn nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí kò dìde lórí àga ọ́fíìsì láti ìgbà tó ti jáde ní yunifásítì, kò tíì rò ó lẹ́ẹ̀kan rí pé ẹsẹ̀ òun lè lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Àwọn ọ̀lẹ tí mo mọ̀ máa ń ní ìtìjú díẹ̀.

Bí èrò bá dúró wò ó, ìtàn ni yóò fi sinmi. Yóò nawọ́ sí gbọ̀ngàn Màpó: Robert Jones ló kọ́ ọ, Taffy ni wọ́n ń pè é, 1929 ni wọ́n ṣí i. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àfi pé ó ń mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó ti orí Robert dé orí Jones. Bí èémí kò bá tíì délẹ̀, yóò gba Amẹ́ríkà lọ. Yóò ní ìpínlẹ̀ California ni irú kẹ̀kẹ́ yìí ti ṣẹ̀, pé àwọn ọ̀dọ́ ló ń gun ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ káàkiri òkè Tamalpais, pé ní 1976 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje kan nítòsí ibẹ̀ tó le débi pé gíríìsì inú bíréèkì ń jó di èéfín. Òótọ́ náà ni. Ohun tí kì í fi kún un ni pé ìsàlẹ̀ ni àwọn yẹn ń sáré lọ, ọkọ̀ akẹ́rù ló sì sábà máa ń gbé kẹ̀kẹ́ wọn gòkè.

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ìyá kan yóò ru agbọ̀n tòmátì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ lẹ́yìn, yóò ní, "Ẹ kú ewu o, Alájì," yóò sì gòkè lọ. Kò ní gíà.

Bàbá tó bí irú àwọn Alàgbà yìí náà gun kẹ̀kẹ́. Raleigh ni, irin Nottingham tó wúwo, tí kò ní gíà tí èèyàn ń yí. Ó ń gbé e lọ sóko, ó ń di kòkó mọ́ ọn bọ̀ wálé. Bó bá kan òkè tó ju agbára rẹ̀ lọ, á sọ̀ kalẹ̀, á tì í. Kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọmọ agboolé ló ń bá ọmọ rẹ̀ tì í. "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká bá yín gbé e." Wọn a tì í dé iwájú gbọ̀ngàn, òógùn a bò wọ́n. Bí fóònù bá jáde, ohùn a le: "Ẹ bọ́ sẹ́yìn jọ̀ọ́, ẹ ti wọ inú fọ́tò." Owó kẹ̀kẹ́ yẹn yóò ra ìwé àti bàtà fún gbogbo wọn, yóò sì ṣẹ́kù. Náírà kan kò jáde lápò rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kọ́ wọn ní ìwà agbe.

Ìrìn-àjò gígùn tún wà. Odindi oṣù ni wọ́n fi ń kéde rẹ̀ lórí WhatsApp: láti Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn, kìlómítà 65, kí wọ́n tó yà sí Adó-Àwáyè lọ wo adágún Ìyákẹ̀ lórí òkè. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n dán aṣọ wò, wọ́n gbéra. Kí wọ́n tó dé Ìjàyè, gíà ti kọ̀. Micra kan tó ń tẹ̀ lé wọn láti ilé (ta ní í mú Micra tẹ̀ lé ara rẹ̀ tó bá gbà pé òun yóò dé?) gbé kẹ̀kẹ́ lérí, Alàgbà wọlé síwájú, fèrèsé ń fẹ́ sí i. Fóònù tó so mọ́ apá kò mọ̀ pé ó ti wọ mọ́tò, ó ń ka ìrìn rẹ̀ lọ. Lálẹ́, ó fi ìṣirò náà ránṣẹ́ sí gbogbo wa: bó ṣe kọjá Ìjàyè, eré rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rin kìlómítà láàárín wákàtí kan. Ẹni ogójì kan sáárá sí i lábẹ́ rẹ̀. Pásítọ̀ wà nínú wọn.

Nígbà tó bá yá, kẹ̀kẹ́ náà yóò wọ gàréèjì, wọn yóò sá aṣọ lé e. Bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, a óò rí i lórí WhatsApp pé ó wà fún títà, pẹ̀lú fọ́tò iwájú gbọ̀ngàn Màpó. Oníbàárà yóò bèèrè bóyá ó ní àbùkù kankan.

"Àbùkù kẹ̀? Ẹ tẹ gíà yẹn wò ná. Ohun tó dára jù lára rẹ̀ nìyẹn."